Obìnrin Mẹ́ta Lórí Pákó Ṣẹ́rì

Ní nǹkan bí ọdún 1793 ni àwòrán obìnrin mẹ́ta kan jáde ní ìlú Edo. (Kì í ṣe Edo àwọn ará Benin o, orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ nígbà náà ni.) Kitagawa Utamaro ló yà á, Tsutaya Jūzaburō, oníṣòwò ìwé, ló náwó lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wà lókè láàárín, àwọn méjì yòókù wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ayàwòrán yà lẹ́ẹ̀mẹta: ojú gígùn tó tín-ín-rín lọ sí àgbọ̀n, imú tí ìlà kan péré gbé ró, ẹyinjú tí kò ju kí búrọ́ọ̀ṣì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ lọ, ẹnu tó kéré débi pé èèyàn á máa rò ó bóyá wọ́n ń fi jẹun. Kò sí òjìji lábẹ́ àgbọ̀n, kò sí dídán lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Síbẹ̀, àwọn ará Edo tó ń ra àwòrán náà mọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́. Tomimoto Toyohina, geisha tí òkìkí orin rẹ̀ kàn ní Yoshiwara, àdúgbò fàájì ìlú Edo, ló wà lókè. Okita ló wà lọ́tùn-ún, ọmọbìnrin tó ń gbé tíì fún oníbàárà ní ìsọ̀ kan nítòsí tẹ́ńpìlì Sensōji ní Asakusa. Ti òsì ni Ohisa, ọmọ ilé Takashima, àwọn tó ń ta ìpanu ìrẹsì ní Ryōgoku. Utamaro fi àmì ìdílé tì wọ́n lẹ́yìn, àmì tó ń ṣiṣẹ́ tí ilà ojú ń ṣe nílé wa: òdòdó primrose fún Toyohina, paulownia fún Okita, ewé óòkù mẹ́ta fún Ohisa. Bí èèyàn bá wá sún mọ́ ọn, á rí i pé imú ọ̀kan tẹ̀ ju ti èkejì lọ díẹ̀, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan kún, pé ìpéǹpéjú ọ̀kan wálẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí kò ju kí ọwọ́ yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun lọ.

Níbi púpọ̀ láyé, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà ló ń parí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló yà á, tó pa á rẹ́, tó tún un yà, tó sì kùn ún. Ibi tí ìpinnu kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú iṣẹ́ náà. Ní Edo, ṣe ni wọ́n pín in: ọ̀kan ń yà, ọ̀kan ń gbẹ́, ọ̀kan ń tẹ̀, olówó sì dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Nítorí náà, ibẹ̀ ni mo ti rí i kedere jù, ohun tí mo gbà gbọ́ nípa irú àwòrán tí wọ́n ń fi àrà yà báyìí, pé kí àwọ̀ tó dé, wọ́n ti pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí bébà. Búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ni wọ́n ń lò. Ayàwòrán á kọ́kọ́ fi tàdáwà tó là, tàbí àwọ̀ pupa, wá ìrísí ẹni tó fẹ́ yà: ibi tí orí tẹ̀ sí, ibi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀, bí ọrùn ṣe yọ nínú aṣọ. Ìlà a máa pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa gun ara wọn. Lẹ́yìn náà ni dúdú á wá gun gbogbo rẹ̀, á mú ìlà kan, á pa àwọn tó kù tì. Bí ibì kan bá bàjẹ́, wọn kì í ju bébà náà nù. Wọ́n á gé bébà kékeré lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, wọ́n á sì tún un yà. Àwọn àwòrán àkọ́yà Utagawa Kuniyoshi, tó dé lẹ́yìn Utamaro, ṣì wà nílẹ̀ tí ẹni tó bá wò wọ́n á rí gbogbo ìjàkadì yìí: pupa lábẹ́, dúdú lókè, ẹsẹ̀ ẹnì kan ní ibi mẹ́ta kí ó tó rí ibi dúró sí.

Ibi tí àrà ti ń wọ̀ ọ́ nìyí. Ayàwòrán ń pinnu ohun tí yóò yọ kúrò àti ohun tí yóò fà gùn. Utamaro yọ òjìji, ó yọ eyín, ó yọ gbogbo ohun tó lè sọ bí egungun ojú ṣe rí. Ó fa ọrùn gùn, ó gbé irun ga títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ojú lọ, ó sì sọ ìka ọwọ́ di kékeré. Òun àti Tsutaya tún ṣe ohun mìíràn tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu: wọ́n gé ẹsẹ̀ sọnù. Kí ọwọ́ wọn tó kàn án, odidi ènìyàn tó dúró tàbí tó jókòó ni wọ́n sábà máa ń fi ya arẹwà obìnrin. Àwọn ayàwòrán ilé Katsukawa ti ń ya orí àti èjìká nìkan, ṣùgbọ́n àwọn òṣèré ni wọ́n ń yà bẹ́ẹ̀. Utamaro gbé e wá sọ́dọ̀ obìnrin. Nígbà tí kò ti sí ìdúró àti ìrìn mọ́ tó lè fi irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́ hàn, ẹrù ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ohun kékeré: bí orí ṣe yí, bí ọwọ́ ṣe di abẹ̀bẹ̀ mú, bí kọ́là aṣọ ṣe já kúrò lẹ́yìn ọrùn. Nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ tó dá lórí irú ìwà tí ojú obìnrin ń fi hàn, ọmọbìnrin kan wà tó ń fẹ́ fèrè gíláàsì ọmọdé. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán náà. Ìwọ̀nba bí ètè ṣe ká mọ́ ẹnu fèrè náà àti bí apá aṣọ ṣe fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sọ ọ́ di ènìyàn.

Nígbà tí ìlà bá ti dúró, ayàwòrán á dà á kọ mọ́lẹ̀ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ní dúdú nìkan. Bébà yìí ni agbẹ́gi ń gbà. Á fi lẹ́ẹ̀ pa ojú pákó ṣẹ́rì tí wọ́n ti rẹ́ títí ó fi ń dán, á da ojú àwòrán bolẹ̀ lé e, á wá máa fi ìka ra ẹ̀yìn bébà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kù díẹ̀ kó jẹ́ ìlà tàdáwà nìkan ló kù lórí igi. Á fi òróró díẹ̀ pa á kí ìlà lè yọ. Láti ìgbà náà, àwòrán ti di ti ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ ṣe ń kọjá ni bébà ń lọ. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rí bébà tí Utamaro fọwọ́ ara rẹ̀ parí fún obìnrin mẹ́ta yìí lónìí, nítorí inú iṣẹ́ ló parun sí. Àwọn bébà irú rẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé jẹ́ ti iṣẹ́ tí wọ́n pa tì, tí ọ̀bẹ kò dé orí wọn.

Igi ṣẹ́rì orí òkè ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí ó le, ara rẹ̀ sì kúnná, ìlà tín-ín-rín lè dúró lórí rẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó tó ṣá. Agbẹ́gi kì í gbẹ́ ìlà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń gé, tó ń kó igi àárín ìlà kan àti èkejì kúrò, títí ìlà á fi dá dúró lókè bí òkìtì. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún irun. Utamaro kì í ya fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan létí iwájú orí àti lẹ́yìn ọrùn. Á ya ibi tí irun mọ, á fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀gá agbẹ́gi, torí ó mọ̀ pé ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ìsọ̀ agbẹ́gi, iṣẹ́ ní ipò: àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gbẹ́ aṣọ àti ohun tó wà lẹ́yìn, ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kan orí. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ iṣẹ́ tó dé ibi irun. Ọ̀gá yìí náà ló ń gbẹ́ ìlà imú, àti pé bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ níbẹ̀, Ohisa ti di Okita nìyẹn.

Lórí bébà tí wọ́n ń tà, orúkọ Utamaro wà níbẹ̀, àmì Tsutaya náà wà níbẹ̀, ewé ivy lábẹ́ orí òkè Fuji. Orúkọ agbẹ́gi kò sí. Ti atẹ̀wòrán kò sí. Mo ti ka ìwé lóríṣiríṣi tó ń yin bí Utamaro ṣe mọ irun obìnrin yà, àmọ́ ẹni tó yẹ kí ìyìn yẹn lọ bá gan-an, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń bí mi nínú díẹ̀ pé àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé búrọ́ọ̀ṣì ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọ̀. Kí ọdún 1765 tó dé, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kò ju dúdú lọ, tí wọ́n á fọwọ́ kun àwọ̀ díẹ̀ sí lára, tàbí kí wọ́n fi pákó méjì-mẹ́ta tẹ pupa àti àwọ̀ ewé. Ní ọdún náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ kan ní Edo ń dá kàlẹ́ńdà fún ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ẹwà rẹ̀ díje, tí Suzuki Harunobu àti àwọn agbẹ́gi tó bá a ṣiṣẹ́ fi ń tẹ àwọ̀ púpọ̀ sórí bébà kan. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe kò lọ́lá lójú rárá: àmì méjì tí wọ́n gbẹ́ sí etí pákó, ọ̀kan ní igun bí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀kan gbọọrọ. Ibẹ̀ ni bébà ń fi ara tì, pákó dé pákó, kí pupa má bàa ṣìnà wọ inú àwọ̀ ewé.

Bí Utamaro ṣe ń yan àwọ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Nígbà tí pákó dúdú bá ti ṣe tán, atẹ̀wòrán á fi tẹ bébà bíi mélòó kan, dúdú lásán, á kó wọn ránṣẹ́ sí ayàwòrán. Ayàwòrán á mú ọ̀kan, á fi àwọ̀ pupa kun gbogbo ibi tí ó fẹ́ kí àwọ̀ kan dé, á kọ orúkọ àwọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á mú òmíràn, á ṣe bákan náà fún àwọ̀ kejì. Àwọ̀ àlùkò, pupa ni. Àwọ̀ ìyeyè, pupa ni. Àwọ̀ eérú, pupa náà ni. Ó ń kó gbogbo àwọ̀ jọ sínú orí rẹ̀ láìrí ẹyọ kan nínú wọn lójú, bí ẹni tó ń gbọ́ orin kí ìlù tó dún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà ti ń sọ irú ọnà tí yóò wà lára aṣọ. Bébà kọ̀ọ̀kan tó kùn báyìí á padà sọ́dọ̀ agbẹ́gi, á di pákó kan.

Pákó kan, owó kan ni. Tsutaya ń kà á. Wọ́n ń gbẹ́ ojú méjèèjì pákó kí igi má bàa ṣòfò, ayàwòrán sì gbọ́dọ̀ mọ bí àwọ̀ kan ṣe lè ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀: dúdú irun kan náà ló lè tẹ ọ̀já tàbí ọ̀ṣọ́ etí aṣọ, ìyeyè tí aró bá gùn á di àwọ̀ ewé láìgbẹ́ pákó kẹta. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí a fi mọ àwòrán Edo, ọwọ́ olówó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán lórí táblẹ́ẹ̀tì lónìí mọ ètò yìí, bí wọn kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ Harunobu rí: ìlà wà lórí ìpele tirẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ lórí ìpele tirẹ̀. Ìpele tiwọn kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń lò ó tó ogójì fún ojú kan.

Atẹ̀wòrán ló kàn. Bébà rẹ̀, ara èèpo igi kōzo ni wọ́n ti ṣe é, ó lágbára, ó sì rọ̀. Wọ́n ti fi omi gúlúù àti álọ́ọ̀mù pa á kí àwọ̀ má bàa tàn káàkiri inú rẹ̀, wọ́n sì ti rin ín lómi kó tó dé iwájú rẹ̀. Á fi búrọ́ọ̀ṣì irun ẹṣin pa àwọ̀ àti lẹ́ẹ̀ ìrẹsì díẹ̀ sórí pákó, á tẹ́ bébà lé e, á wá fi baren ra ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn tí wọ́n fi èèpo ọparun lọ́, tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n sì tún fi èèpo ọparun wé, ni baren. Agbára apá ló ń darí rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Dúdú ló ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn àwọ̀ á tẹ̀ lé e. Bí omi inú bébà bá yí padà láàárín pákó kan sí èkejì, bébà á sún kì tàbí kó fẹ̀, àmì etí pákó kò sì ní lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á tẹ pákó tí kò ní àwọ̀ rárá, kí ọnà lè yọ lára aṣọ funfun nípa bí bébà ṣe wú nìkan. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ dúró gbọọrọ síwájú ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ó di ìgbà tó bá dagun kí ìmọ́lẹ̀ tó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn obìnrin mẹ́ta yìí, wọn kò ya ilé, wọn kò ya igi. Máíkà lílọ̀ ni wọ́n fi bo gbogbo ẹ̀yìn, ó ń dán bíi dígí tó ní kùrukùru. Ara ojú wọn, bébà lásán ni. Mo rò pé ibi tí ọgbọ́n àwọ̀ pọ̀ sí jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn: awọ ara tó gbówó lórí jù nínú gbogbo àwòrán ni ibi tí wọn kò fi nǹkan kan sí, máíkà tó yí i ká ló sọ ọ́ di ẹran ara. Bébà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 39, tó fẹ̀ tó 26, ló gba gbogbo iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń tà á ní owó tí òṣìṣẹ́ lásán lè san. Nǹkan bí 200 bébà ni wọ́n máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọjà bá tà, wọ́n á tún tẹ̀, pákó á máa ṣá, ìlà irun á sì máa sanra.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1790, Utamaro tún dá àrà mìíràn. Ó ṣe ọ̀wọ́ kan tó ti yọ ìlà dúdú kúrò létí aṣọ. Aṣọ kàn jẹ́ àwọ̀ lásán. Ibi tí àwọ̀ kan ti pàdé òmíràn ni ìlà. Ojú àti ọwọ́ nìkan ló fi ìlà sí. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ ìyangàn sára àwọn àwòrán náà, ó ń bú àwọn ayàwòrán tó ń fi àwọ̀ púpọ̀ àti aṣọ olówó iyebíye bo àléébù ìlà wọn mọ́lẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ ò kéré, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Láti yọ ìlà kúrò láìjẹ́ kí ara obìnrin abẹ́ aṣọ tú ká, ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ ìlà yẹn débi pé kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ìjọba náà bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ bí obìnrin ṣe gbọ́dọ̀ rí lórí bébà. Láti 1790, àwòrán kò lè jáde láìní èdìdì àwọn ayẹ̀wéwò. Ní 1793, wọ́n fòfin de kíkọ orúkọ obìnrin sára àwòrán, àfi ti àwọn obìnrin Yoshiwara. Utamaro bẹ̀rẹ̀ sí í ya orúkọ náà bí àlọ́, àwòrán kéékèèké lókè bébà tí ẹni tó bá gbọ́n á tú. Ní 1796 wọ́n fòfin de ìyẹn náà. Ní 1800, ó kan orí ńlá láìní ara. Ní 1804, wọ́n mú Utamaro fúnra rẹ̀ nítorí àwọn àwòrán tó yà nípa Toyotomi Hideyoshi, ọ̀gágun àtijọ́ tí ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yà, wọ́n sì so ọwọ́ rẹ̀ fún 50 ọjọ́. Ó kú ní 1806. Tsutaya ti kú ṣáájú rẹ̀, ní 1797.

Àwọ̀ wọn náà ń kú. Pupa wọn, láti ara òdòdó beni ni. Búlúù tí wọ́n lò jù nígbà náà, láti ara koríko olódòdó búlúù kan tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń hù létí omi nílẹ̀ wa, omi díẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti lé e sá. Wọ́n po méjèèjì pọ̀ láti fi ṣe àwọ̀ àlùkò tí Utamaro fẹ́ràn. Bébà tí wọ́n ti gbé kọ́ ògiri fún ìgbà pípẹ́, àlùkò rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, búlúù rẹ̀ ti di àwọ̀ bébà tó gbó. Aró gidi lágbára jù wọ́n lọ, ó ṣì wà níbi tí wọ́n lò ó.

Ní 1921, William àti John Spaulding, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fún Museum of Fine Arts ní Boston ní àwòrán Jàpáànù tó lé ní 6,000, lórí àdéhùn pé wọn kò gbọ́dọ̀ pàtẹ wọn fún ìwòran láé. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí àdéhùn náà. Àwòrán Utamaro wà lára wọn, àlùkò rẹ̀ sì wà bíi pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mùsíọ́ọ̀mù náà ti ya fọ́tò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Mo máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán níyànjú pé kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó yan àwọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń da àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú jẹ́jẹ́ bo iṣẹ́ wọn, tí wọ́n á ní Utamaro ni àwọn ń tẹ̀ lé. Oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Utamaro kọ “àlùkò” sí ẹ̀gbẹ́ bébà, ní tàdáwà, ohun tó sì fẹ́ nìyẹn.